Sí Àbẹ̀bí: Ọ̀rọ̀ Ọ̀dà Tó Ń Fà àti Ojú Ìyá Rẹ

Manigri, ẹ̀bá ọ̀nà ńlá,
lásìkò tí a ń ṣa kajú.

Àbẹ̀bí ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àjò, mo kí ọ kú àìmojú ilé. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Parakou kì í tètè rí oorun sùn, mo mọ̀. Àwa wà níbí. Mi ò ní sọ pé àlàáfíà ni, torí wàá mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n a wà.

Nínú àpòòwé yìí, wàá rí páálí méjì tí mo fi okùn so pọ̀. Má tú u títí wàá fi ka lẹ́tà yìí tán. Mo mọ̀ ọ́, o ti ń wá ọ̀bẹ. Gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ìwé kan ló wà láàárín páálí náà. Ojú ìyá rẹ ló wà lórí ìwé ọ̀hún, ojú tí mo fi ọ̀dà tẹ̀, tí mi ò tíì fi iná lẹ̀ mọ́ aṣọ kankan. Òun nìkan ló kù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la lè lẹ̀ ẹ́. Bí ó bá bàjẹ́, ojú rẹ̀ ti kúrò láyé nìyẹn, àfi èyí tí èmi àti ìwọ bá gbé sórí, èyí tó wà lórí tèmi kò sì ṣeé gbára lé mọ́.

Lọ́jọ́ tí o pè mí, o ní ilé iṣẹ́ tí o bọ́ sí ń tẹ mayó, ẹ̀wù eré ìdárayá, fún àwọn ọmọ ilé ìwé, pé ọ̀gá rẹ ní kí o yan ọ̀dà fúnra rẹ kó lè mọ ohun tí o mọ̀. O wá bi mí pé, "Bàbá, èwo ni kí n mú? Èyí tó ń dán ni, àbí èyí tó ń fà?" Kí n tó lanu, ìlà ti já. Mo gun orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé, mo gbé pòtábù sókè títí apá fi ń ro mí, kò sí nǹkan kan. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Ìdáhùn rẹ kò gùn: mú èyí tó ń fà. Àlàyé rẹ̀ ló gùn.

Èkíní: kí o tó wo ọ̀dà, wo aṣọ. Aṣọ ló ń pàṣẹ, ọ̀dà ló ń tẹ̀lé e. Tirikó òwú, ẹ̀wù alápá péńpé, máa ń nà díẹ̀. Mayó àwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń nà gan-an. Aṣọ tí àwọn ọmọbìnrin fi ń sáré ìje máa ń nà bíi rọ́bà. Ọ̀dà tí o bá tẹ̀ sí i lára gbọ́dọ̀ lè bá a nà, kó sì lè bá a padà. Bí aṣọ bá nà tí ọ̀dà kò nà, ọ̀dà ni yóò sán, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

Èmi kò mọ èyí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, iṣu ló ń gbìn ní Manigri níbí. Mo sá fún ọkọ́, mo lọ sí Bassila lọ kọ́ bí a ṣe ń tẹ orúkọ àwọn oníṣòwò sára àpò kajú. Ọ̀dà àpò máa ń le. Ó yẹ kó le, nítorí àpò kì í jó, kì í sì í gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí àwọn ọmọ Pénéssoulou wá ní kí n ṣe mayó fún ẹgbẹ́ wọn, ọ̀dà àpò yẹn náà ni mo fi tẹ nọ́ńbà wọn. Ó dán, ó dúdú, mo fọwọ́ sọ̀yà. Aṣọ́lé wọn fa tirẹ̀ wọ̀ láti orí, èjìká rẹ̀ gbòòrò, gbogbo wa sì gbọ́ ọ nígbà tó sán, bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ ewé gbígbẹ mọ́lẹ̀. Kí bọ́ọ̀lù tó parí, nọ́ńbà ti ń já bọ́ sórí pápá. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà lára àwọn òǹwòran tó ní, "Ẹni tó tẹ èyí, ṣé àwọn adìyẹ ló fẹ́ kó wá ṣà á jẹ ni?" Ìyá rẹ nìyẹn. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn.

Nítorí náà, má mú ọ̀dà torí pé ẹni tó ń tà á pọ́n ọn. Tẹ díẹ̀ sára àkísà aṣọ náà gan-an, lẹ̀ ẹ́, jẹ́ kó tutù, kí o wá fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Fà á lóòró, fà á níbùú, kí o sì dẹ etí sí i. Lẹ́yìn náà, fọ̀ ọ́, fún un bí àwọn ìyá wa ṣe ń fún aṣọ lódò, kí o tún fà á. Èyí tó bá sán, bó ti wù kó dán tó, dá a padà fún wọn. Bí ọ̀gá rẹ bá ń rojú pé o ń fi àkókò ṣòfò, jẹ́ kó rojú. Ìrojú kì í mú ọ̀dà sán.

Èkejì: má fi ẹsáǹsì, epo ọkọ̀, là á. Gbogbo wa la ṣe é rí. Ọ̀dà tó ń fà máa ń ki, ó máa ń wúwo lọ́wọ́, pàápàá nígbà ọyẹ́, ìgò ẹsáǹsì sì wà lórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà níwájú àtẹ́líyè, ilé iṣẹ́ wa, ó ń wò ọ́. Mo da díẹ̀ sí i lọ́jọ́ kan. Ọ̀dà náà rọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ń ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, mo sì rò pé mo gbọ́n ju àwọn tó ṣe é lọ. Aṣọ àwọn akọrin ni. Nígbà tí wọ́n wọ̀ ọ́, ilé ìsìn ń rùn bí ibi tí wọ́n ti ń tún alùpùpù ṣe. Kò pẹ́ tí ọ̀dà náà fi le ju ti àpò lọ, nítorí ẹsáǹsì ti fa òróró tó ń mú un rọ̀ jáde. Bí ọ̀dà bá ki, fi igi ro ó. Máa ro ó títí. Ìyá rẹ ló máa ń ro ó fún mi, bí ẹni ń ro ọkà, ọ̀dà náà a sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu ju bó ṣe ń gbọ́ tèmi lọ.

Ẹ̀kẹta: má tẹ̀ ẹ́ nípọn. Ẹni tó fẹ́ kí funfun hàn lára aṣọ dúdú máa ń da ọ̀dà lé ọ̀dà. Ọ̀dà tó nípọn kì í tẹ̀, ṣíṣẹ́ ló máa ń ṣẹ́. Tẹ̀ ẹ́ fẹ́lẹ́, jẹ́ kó rí iná díẹ̀, kí o tún tẹ òmíràn fẹ́lẹ́ lé e. Kí o sì ṣọ́ra fún aṣọ pupa tí kì í ṣe òwú. Bí iná bá pọ̀ jù, àwọ̀ rẹ̀ yóò gun orí ọ̀dà. Wàá tẹ funfun lónìí, tó bá di ọ̀la, ó ti pọ́n bí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tuntun. Wá ọ̀dà tí iná díẹ̀ tó fún.

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Ó ti tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo èyí tí mo ń kà yìí, mo kàn ń yí i po ni, o sì mọ ohun tí mo ń yí po.

O wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni ọ́, wọ́n ń tì ọ́ sẹ́yìn àwọn àgbà. O rí ohun tó ṣẹlẹ̀, o kò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́, kó má baà ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́ rẹ.

Nígbà tí ìyá rẹ kú, ẹbí ní kí n tẹ ojú rẹ̀ sára tirikó tí gbogbo agbo ilé máa wọ̀ lọ́jọ́ ìrántí, bí a ti ń ṣe é. Ta ni wọn ì bá tún bẹ̀? Fọ́tò kan ṣoṣo tó dára ló ní, èyí tí wọ́n yà níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, inú pòtábù mi ló wà. Mo ra ọ̀dà tó dára jù lọ, èyí tó ń fà. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé púpọ̀, ọ̀kan fún ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan, kí présì, ẹ̀rọ tó ń gbóná, lè fi iná lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ lẹ́yìn náà. Ọ̀dà orí ìwé, Àbẹ̀bí, àbọ̀ gbígbẹ ló ń fẹ́. Kí ojú rẹ̀ gbẹ débi tí kò ní lẹ̀ mọ́ ìka, kí inú rẹ̀ má tíì gbẹ, kó lè yọ́ wọ inú òwú nígbà tí présì bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àbọ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti ṣe é láìmọye ìgbà.

Ṣùgbọ́n ọmọ oníṣu ni mí. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé ohun tí kò bá gbẹ dénú yóò hu. Gbodo, iṣu tí a bọ̀ tí a sì sá sórí àpáta, a kì í kó o wọlé títí yóò fi máa dún ko ko bí a bá fi kan ara wọn. Ìyá mi máa ń na èèyàn torí gbodo tí kò gbẹ. Lásìkò tí mò ń wí yìí, orí mi kò pé. Ẹ̀rù ń bà mí pé ojú rẹ̀ yóò bàjẹ́, bí mo ṣe mọ̀ pé ó ń bàjẹ́ níbi tí a tẹ́ ẹ sí. Mo tẹ́ àwọn ìwé náà sórí páànù lókè ẹyín iná, mo ń mú wọn kan ara wọn, mo ń dẹ etí. Èyí tí kò bá tíì dún, mo dá a padà sórí iná. Èyí àkọ́kọ́, tí mo yọ kúrò kí n tó bẹ̀rẹ̀ wèrè yẹn, mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní kò gbẹ.

Lójú, wọ́n lẹ̀ dáadáa. Ó rẹwà. Ìyá rẹ wà láyà gbogbo agbo ilé, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ gbé ìkòkò, wọ́n ń nawọ́ gba abọ́. Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Ìró tí mo gbọ́ ní Pénéssoulou ni. Kí oúnjẹ tó kárí, ojú rẹ̀ ti sán láyà gbogbo wọn, láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ́ tirẹ̀ kúrò lára, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó ń fi ìka tọ ipa ibi tó sán. O rántí pé ìyá rẹ ní àpá kan lẹ́rẹ̀kẹ́, níbi tí epo kajú ta sí i lára nígbà tí wọ́n ń sun èso rẹ̀. O máa ń fi ìka pa á títí oorun yóò fi gbé ọ lọ, bí wọ́n bá sì gba ọwọ́ rẹ kúrò, wàá jí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò pariwo. Ó ní, "Àpá kan ṣoṣo ni àbúrò mi ní lójú. Bàbá Àbẹ̀bí, ta ló wá bá wa fi kún un?" Títí di òní, bí mo bá rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọ̀nà, ojú máa ń tì mí.

O lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò tún òmíràn tẹ̀. Kádà, igi onígun mẹ́rin tí a na aṣọ lé tí àwòrán máa ń wà lára rẹ̀, mo ti fọ̀ ọ́. Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn, igi kan náà là ń lò fún gbogbo èèyàn, a ó fọ ojú ẹni àná kúrò kí ti ẹni òní lè ráyè. Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni mo fọ ojú rẹ̀ kúrò, nítorí àpò kajú ẹnìkan. Níbi tí mo ti ń fọ̀ ọ́, pòtábù bọ́ láti àpò mi sínú korobá omi, kò sì jí mọ́. Fọ́tò inú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò ní ọkùnrin ni. Ìwé tí mo jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan ló kù. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ni mo ṣe bó ṣe yẹ. Àwọn èèyàn wá ń kí mi pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo dáhùn, mo ní ẹ ṣeun. Agbè gan-an ló fọ́.

Mi ò lè tàn ọ́ pé iṣẹ́ yìí yóò gbè ọ́. Ní Bassila, wọ́n ti ń bá awakọ̀ ránṣẹ́ sí Cotonou, àwòrán tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ tán ni wọ́n ń gbà, irin ìlọṣọ lásán ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́. Mo ti ti ilẹ̀kùn àtẹ́líyè. Mo ti padà sídìí iṣu tí mo sá fún. Présì mi kò gbóná dọ́gba mọ́, apá kan ń jóná, apá kan tutù, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n bí mo bá gbé ohun fẹ́lẹ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ń wẹ̀yìn, nọ́ńbà àti orúkọ lára aṣọ tó ti di àkísà ni mo ń rí. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí bàbá máa kọ irú èyí sí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni kí n kọ ọ́ sí?

Ohun kan wà tí mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé, ìmọ̀ràn ìyá rẹ sì ni, nítorí náà ó dára ju tèmi lọ. Má gbé ọ̀dà sábẹ́ páànù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ooru máa ń mú un ki nínú garawa, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láìtíì kan ìwé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i bẹ́ẹ̀, ó ní, "Òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́," ó sì gbé garawa náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ àmù, níbi tí ilẹ̀ tutù sí. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, ọ̀dà mi kò ki mọ́. Wá ẹ̀gbẹ́ àmù kan fún tìrẹ ní Parakou, kí ìwọ náà sì máa mu omi, o kì í mu omi tó.

Ó yá, ọ̀rọ̀ inú páálí.

Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì dára. Ìwé irú èyí kì í pẹ́. Òróró inú ọ̀dà máa ń jáde díẹ̀díẹ̀ wọnú ìwé, ọ̀dà a sì máa le. Mo fi pamọ́ sínú àpótí níbi tí oòrùn kò dé, síbẹ̀ etí rẹ̀ ti ń ká. Ó lè jẹ́ pé òkú ọ̀dà ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ. Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí n lẹ̀ ẹ́, mi ò gbójú, nígbà tí mo sì máa fi gbójú, présì ti bàjẹ́.

Má fi í dán iná wò. Tẹ ohun mìíràn, kí o fi ìyẹn dán an wò títí ọkàn rẹ yóò fi balẹ̀. Yan aṣọ òwú tí kì í nà púpọ̀. Fi présì tẹ aṣọ náà lófìfo kọ́kọ́, kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ lè jáde. Tí o bá ti lẹ̀ ẹ́, jẹ́ kó tutù pátápátá kí o tó ṣí ìwé. Ibẹ̀ ni ọwọ́ wa ti máa ń yá jù. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ká igun kan sókè wò, bí ọ̀dà bá ń bá ìwé bọ̀, dá a padà, kí o tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Má sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ tí a ó gbé kọ́ ògiri, má sì gbé e pamọ́ de ìsìnkú mi. Aṣọ tí wàá máa wọ̀ ni kó jẹ́.

Ó ku ohun kan. Gbogbo ohun tí a bá tẹ̀ sórí ìwé báyìí, òdì la ń tẹ̀ ẹ́, kó lè tọ́ nígbà tó bá dé ara aṣọ. Òdì ni ìyá rẹ wà lórí ìwé yẹn. Láti ìgbà yẹn wá, bí àárò rẹ̀ bá sọ mí, òdì yẹn ni mo máa ń tú páálí wò. Òdì náà ti gba ipò ojú rẹ̀ gan-an. Bí mo bá lá àlá rẹ̀ báyìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ìwé fi hàn mí ni àpá rẹ̀ máa ń wà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo máa ń yí i padà lọ́kàn, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, títí gbogbo ojú náà yóò fi dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo lè fi ìṣírò mọ̀ ọ́n, pé òdì ohun tí mò ń wò ni. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ṣírò ìyàwó mi. Mo fẹ́ rí i.

Nítorí náà, bí ó bá lẹ̀, wọ aṣọ náà bọ̀ wá sí Manigri. Má tíì kí mi. Dúró sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí n wò ọ́.

Bí kò bá sì lẹ̀, bí ó bá fọ́ mọ́ ìwé lọ, má sunkún, má sì pè mí sọ ọ́ fún mi. Ṣáà máa bọ̀. Dúró sẹ́nu ọ̀nà kan náà, kí o gbé ìka lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tìrẹ, níbi tí o máa ń pa fún ìyá rẹ kí o tó sùn. Ìka rẹ kò ní gbàgbé.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.